Ohùn Rayford Nínú Dùùrù Màámi

Ẹni tó bá sọ pé owú kì í sí láàárín ọmọ ìyá, ẹ bi í bóyá ó ní àbúrò. Èmi ní. Rayford lorúkọ rẹ̀, Pine Bluff níbí la jọ ń gbé, kò sì sí awakọ̀ akẹ́rù tó ń gba Arkansas kọjá tí kò mọ ohùn rẹ̀.

Èmi Cleophus ni mo kàwé nítorí rédíò. Mo jókòó ṣe ìdánwò, mo yege, ìjọba fún mi ní ìwé àṣẹ àti àmì ìpè tèmi tí mo fi ń dárúkọ ara mi lórí afẹ́fẹ́. Láti inú gáréèjì mi ni mo ti ń bá ará Japan àti ará Brazil sọ̀rọ̀, ohùn mi mọ́ gaara, kì í yọ aládùúgbò kankan lẹ́nu. Rayford kò ṣe ìdánwò kankan. Rédíò àwọn awakọ̀ ló rà, èyí tí òfin ní kí agbára rẹ̀ má ju ti gílóòbù kékeré lọ, ló bá gbé ẹ̀rọ kan tó ń fún ohùn lágbára tì í, ẹ̀rọ ọ̀hún tó fìríìjì. "Ààrá" ló ń pe ara rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Tó bá di Sátidé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó ọkọ̀ wọn jọ sí pápá, àwọn méjì á jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan tó wà lọ́nà jíjìn á wá sọ ohùn tó bo èkejì mọ́lẹ̀. Rayford ló máa ń borí. Mo máa ń sọ pé ariwo ọjà lásán ni, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti dùùrù. Màámi ti lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀, dùùrù oníná àtijọ́ kan ló kù ní pálọ̀ rẹ̀. Agbára rédíò Rayford pọ̀ débi pé ó ń já wọ inú wáyà dùùrù yẹn; bí màámi bá ti tàn án láàárọ̀, ohùn Rayford ló máa jáde: "Ààrá nìyí o. Màámi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?" Màámi á rẹ́rìn-ín, á fi orin dá a lóhùn bí ẹni pé ọmọ náà ń gbọ́. Èmi tí mò ń gbé ní ilé kejì sí i, èmi tí ohùn mi ń dé Japan, kò gbọ́ mi rí. Ohun tí mo sì fẹ́ kò ju kí ó rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀.

Àwa tá a ní ìwé àṣẹ ní àṣà kan. Bí rédíò bá ń da ilé ẹnì kan láàmú, a máa ń lọ bá a tún un ṣe, kódà bí kì í bá ṣe rédíò tiwa. Àṣà dáadáa ni. Òun ni mo fi bojú tí mo fi kó àwọn òrùka irin dúdú kan, tó ń dí ohùn rédíò lọ́nà, sápò, tí mo kọjá sílé màámi.

"Màámi, mo fẹ́ bá yín tún dùùrù yìí ṣe."

"Kí ló ṣe é?" Ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ariwo ń wọ inú rẹ̀."

"Ariwo wo? Mi ò gbọ́ ariwo kankan o."

"Kí orin lè mọ́ ni."

"Ó dáa, ìwọ lo mọ̀wé."

Mo wé àwọn wáyà dùùrù mọ́ òrùka wọ̀nyẹn títí kò fi sí ọ̀nà tí Rayford lè gbà wọlé mọ́. Oúnjẹ dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí màámi tó ń kọjá lójú fèrèsé mi pẹ̀lú sálúbàtà, ó wọ kóòtù lé aṣọ àwọ̀sùn, ó kọrí sí ọ̀nà ilé Rayford ní ìkángun àdúgbò wa. Nígbà tó padà dé, gáréèjì mi ló yà sí, ó ń mí gúlegúle.

"Mo rò pé àbúrò ẹ ti kú. Mo tan dùùrù, kẹ́kẹ́ pa. Mo sáré débẹ̀, mo bá a tó ń pariwo sínú nǹkan ẹ̀, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun."

Mo yíjú sí rédíò mi.

"Cleophus, kí lo ṣe sí dùùrù mi?"

"Ohun tí Rayford ń ṣe kò bófin mu, màámi. Ìjọba lè wá kó ẹ̀rọ ẹ̀ lọ."

"Ṣé mo bi ẹ́ léèrè ìjọba ni? Àbí ò ń jowú àbúrò ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. "Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gbọ́ ọ. Èmi ńkọ́? Rédíò tó bá dáa kì í já wọlé onílé. Ohùn mi ò lè wọ inú dùùrù yín láéláé."

Ó nàka sí ilé rẹ̀. "Ta ló ní kó o gba inú dùùrù wọlé? Ilé kejì lò ń gbé. Ṣé mo tilẹ̀kùn mọ́ ẹ rí?"

Mo tẹ̀ lé e lọ sílé rẹ̀, mo tú gbogbo òrùka náà kúrò. Ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀.

"Jókòó. Ó yá, bá mi sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́."

Mo jókòó, mo la ẹnu. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ará Japan nìkan ló wá sí mi lẹ́nu.

"Ojú ọjọ́ dáa lónìí, màámi."

"Ó dáa lóòótọ́," ló wí, ó ń retí ìyókù. Mi ò ní ìyókù.

Ni dùùrù bá hó, Rayford bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí ajá rẹ̀ ṣe gbé bàtà pásítọ̀ jẹ. Màámi gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún pé kí n dákẹ́ ná, bẹ́ẹ̀ mi ò sọ nǹkan kan.