Ọkọ Galia Kò Gbọdọ̀ Fọhùn

Lọ́jọ́ tí bàbá Galia fi bàálù dé láti Layún, ọkọ Galia ká aṣọ ìbora rẹ̀, ó ṣí lọ sí àgọ́ Màmá Embarka tó múlé tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó lé e. Láàárín àwa ará aṣálẹ̀, ọkọ ìyàwó kì í jẹ́ kí ojú òun àti ti bàbá ìyàwó rẹ̀ ṣe mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ jẹun níwájú rẹ̀, kò gbọdọ̀ mu tíì níwájú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fọhùn sí i. Bí wọ́n bá ṣèèṣì pàdé, á fi láwàní bojú, á sì yà bàrá. Mahyub, ọkọ Galia yìí, ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ti jagun, ọta ìbọn ṣì wà ní itan rẹ̀, síbẹ̀ ó ń sá kiri bí ọmọdé tó fọ́ àwo.

"Ìtìjú yìí á pa ọ́," Màmá Embarka sọ. Ó ń da tíì láti inú ife kan sí òmíràn kó lè yọ ìfófòó. "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni bàbá yẹn ò fi rí ọmọ rẹ̀. Ṣé torí tìẹ ló ṣe wá ni? Jókòó jẹ́ẹ́, kí o mu tíì."

"Màmá, kì í ṣe ìtìjú ló ń dà mí láàmú."

"Mo mọ ohun tó ń dà ọ́ láàmú. Gbogbo ibùdó ló mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ibùdó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Nígbà tí ogun dé, ọmọ kékeré ni Galia. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló mú un sá jáde ní Layún, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ní àwọn á tẹ̀ lé wọn tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì mọ́ títí dòní. Àwọn ọ̀tá tó gba ilẹ̀ náà fi yanrìn mọ ògiri gùn ún já, wọ́n ri àdó olóró síwájú rẹ̀, àwọn kan sì wà níbí, ní ibùdó àwọn tó sá fún ogun, àwọn kan wà lọ́hùn-ún. Ìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù gbé ẹbí lọ gbé ẹbí bọ̀, ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń fún èèyàn. Bàbá ti wá lo tiẹ̀ báyìí. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, Galia náà á wọ bàálù lọ sí Layún, á lọ rí ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba Mahyub ni pé tó bá lọ, kò ní padà mọ́. Àwọn kan ti lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì dúró sọ́hùn-ún, ó dúró nìyẹn, kò sí bàálù tó máa gbé e padà.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Salama, wà ní Kúbà, ó ń kàwé. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé tó bá pè wọ́n lórí fóònù, ńṣe ló máa ń wá ọ̀rọ̀ ti ní èdè ìyá rẹ̀. Àgọ́ tí wọ́n sì ń gbé, ti Galia ni, bí àgọ́ ṣe máa ń jẹ́ ti obìnrin. Bí Galia bá lọ, Mahyub ò mọ ibi tí òun máa pè nílé.

Ojoojúmọ́ ni àgọ́ Galia ń kún fún èrò. Bàbá Deich ni orúkọ bàbá rẹ̀, ó ga, ó gbẹ, ojú rẹ̀ kan ò sì ríran mọ́. Wọn ò jẹ́ kó ráyè bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó fi ará sílẹ̀ ní Layún ló wá jókòó síwájú rẹ̀, kálukú ń ro ẹjọ́ ẹbí tirẹ̀ kó tó bèèrè. Aṣọ lásán ló wà láàárín àgọ́ méjèèjì, Mahyub sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń ta ewúrẹ́, tó ń tiro."

"Ó ti kú. Ó ti pẹ́."

"Ẹ ṣé, bàbá."

Ọkùnrin kan sọ pé ìyàwó òun ti fẹ́ ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, torí wọ́n ti sọ fún un pé òun kú sójú ogun. Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin náà sanra. Bàbá Deich ní ó sanra díẹ̀. "Ó dáa," ni ọkùnrin náà wí, ó sì dìde lọ.

Màmá Embarka náà lọ bèèrè àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìgbà tó dé, ó jókòó, ó ju ṣúgà sínú ìkòkò tíì, kò sì ro ó.

"Màmá, kí ni wọ́n sọ?"

"Ó wà láàyè. Ó bí ọmọ rẹpẹtẹ. Ó ní kí wọ́n kí mi."

"Ìròyìn ayọ̀ mà nìyẹn!"

"Ayọ̀ ni. Àmọ́ ó rẹ̀ mí, Mahyub. Àdúrà òkú ni mo ti ń gbà fún un látọjọ́ yìí. Ta ni kí n wá máa gbà á fún báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àlejò máa lọ, Galia gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn àgọ́. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ṣé ó ti bi ọ́?" Mahyub bèèrè.

"Ó ti bi mí. Ó ní ṣé mi ò ní dúró ti ìyá mi."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní mi ò ní dúró."

"Ṣé ohun tó wù ọ́ nìyẹn?"

"Bàbá Salama, má tún bi mí ní nǹkan kan. Ìwọ ń fà mí níbí, ó ń fà mí lọ́hùn-ún, ṣé aṣọ ni mí ni? Jẹun."

Mahyub jẹun. Inú rẹ̀ dùn, inú dídùn náà sì tì í lójú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìjì yanrìn bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó wá gbé àlejò lọ sí pápákọ̀ òfurufú Tindufu rì sínú yanrìn lọ́nà. Bàálù ò ní dúró de ẹnì kankan, jíìpù kan ṣoṣo tó sì ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò náà, ti Mahyub ni.

"Kí n gbé bàbá ìyàwó mi? Èmi?"

"Di láwàní rẹ kó ku ẹyinjú nìkan," Màmá Embarka ní. "Awakọ̀ ni ọ́ lónìí. Kì í ṣe ọkọ ẹnì kankan."

Galia ò bá wọn lọ. Ó ní òun ò lè dúró wo bàálù tó máa gbé bàbá òun lọ. Ó dì mọ́ ọn lẹ́nu àgọ́ títí Màmá Embarka fi já ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Wọ́n rìn jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fi yanrìn gbá gíláàsì ọkọ̀. Mahyub ò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rárá.

"Awakọ̀," Bàbá Deich sọ. "Mo mọ̀ pé ìwọ kì í sọ̀rọ̀. Kò burú. Bóyá o mọ ọkọ ọmọ mi."

Mahyub di sítíárì ọkọ̀ mú.

"Wọ́n ní nígbà kan tí ara ọmọ mi ò yá, tí kò sí ọkọ̀, ńṣe ló gbé e pọ̀n dé ilé ìwòsàn. Bí o bá rí i, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí o sì tún bá mi sọ èyí fún un." Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. "Galia ní òun ò lè fi ọkọ òun nìkan sílẹ̀ nínú yanrìn yìí. Mi ò bá a jà. Ọmọ dáadáa ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò lè dìde mọ́, awakọ̀. Kò rántí nǹkan mìíràn àfi orúkọ ọmọ yẹn. Bí mo bá bu omi fún un, Galia ló ń pè mí. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní kó dúró ti ìyá rẹ̀, á dúró. Bí kò bá sọ ọ́, kò ní dúró láéláé. Mi ò lè sọ ọ́ fún un fúnra mi, èmi àti ẹ̀ kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ."

Èsì wà lẹ́nu Mahyub, ó kún ẹnu rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ náà kú sí Layún, kò sẹ́ni tó gbé òun lọ sin ín. Ó jagun, ó sì fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ kọjá òkun. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Bó bá tú láwàní rẹ̀ báyìí, tó ní "Rárá, bàbá," ó ti parí. Ìtìjú náà á pọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ á wà nílé. Ó la ẹnu lábẹ́ aṣọ. Ó wo ọwọ́ gbígbẹ tí bàbá náà gbé lé orúnkún, ó sì tún ẹnu pa dé.

Ní Tindufu, ó gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ fún un. Bàbá Deich gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé àwọn èrò wọlé.

Nígbà tí Mahyub délé, Galia nìkan ló wà nínú àgọ́, àwọn ife tíì àlejò ṣì wà nílẹ̀ láìfọ̀.

"Ṣé ó wọ bàálù?"

"Ó wọ̀ ọ́."

"Kí ló sọ?"

"Ta ni kó bá sọ̀rọ̀? Ṣé èmi?" Mahyub jókòó síwájú rẹ̀, ó tú láwàní rẹ̀, yanrìn dà sílẹ̀. "Gbọ́, Galia. Tí o bá dé Layún, tí ọjọ́ márùn-ún bá pé, tí ìyá rẹ ṣì ń mí, má wọ bàálù."

Galia tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá mi ló rán ọ."

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni mo sọ ọ́."

"Irọ́ lò ń pa."

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Tún un sọ, kí n gbọ́."

Ó tún un sọ. Galia bú sẹ́kún, gbogbo ẹkún tí kò ráyè sun láàárín èrò láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti dé. Mahyub ń wò ó. Kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan, torí òun gan-an lẹni tó yẹ kí wọ́n tù nínú.

"Mo ti gbọ́," Galia sọ nígbà tó nu ojú tán. "Màá dúró tì í. Ṣùgbọ́n tí Salama bá ti Kúbà dé, tó wọlé, tó ń wá mi, ìwọ ni kí o sọ ìdí tí mi ò fi sí nílé fún un. Èmi ò ní rán ẹnikẹ́ni sí i."

Mahyub ní òun á sọ fún un.