Oorun Lèmọ́mù

Lójú ìforíkanlẹ̀ ni oorun ti gbé Bùràímọ̀ lọ, lèmọ́mù mọ́sálásí kékeré kan ní Kambolé, nílẹ̀ Tógò. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ forí kanlẹ̀, wọ́n ń retí kó gbé kábárà kí wọ́n lè gbérí. Wọ́n retí títí. Híhanrun ni wọ́n gbọ́, híhanrun ńlá! Nígbà tó yá, ìyẹn náà dúró lójijì, kò sì sí èémí kankan. Sàká àgbà, tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, bá gbọ̀n ọ́n jí. Ìrun ti bàjẹ́.

Ojú ti Bùràímọ̀ bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ lọ́jà. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí èémí òun ti máa ń dúró lójú oorun, tí òun sì ń jí bí ẹni tí kò sùn rárá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kírun lẹ́yìn ọkùnrin tí kò lè mí?

"Ẹ má bínú," ó ní. "Jàríátù ni. Àsọ̀ ni tọ̀sán-tòru. Kì í jẹ́ kí n sùn."

Irọ́ funfun báláú ni o! Jàríátù ìyàwó rẹ̀ yìí kan náà ló ń jókòó tì í, tó ń gbá a léjìká nígbà tí èémí bá dúró.

Ọ̀rọ̀ dé etí kànga. Àwọn obìnrin kò dá Jàríátù lóhùn mọ́. Kò bi ọkọ rẹ̀ léèrè nǹkan kan. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn ní Sokodé." Wọ́n wọ táksí, wọ́n gba ìlú Tchamba kọjá. Ohun tí Bùràímọ̀ sọ fáwọn ará ilé ni pé ọ̀fun ń dun òun.

Dókítà tí wọ́n bá ní ilé ìwòsàn jẹ́ ọmọ oníṣòwò Yorùbá kan. Ó ní kí Bùràímọ̀ lanu, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Amídáàlì, ẹran kékeré méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà ọ̀fun, ti wú débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Bí ẹ bá ti sùn, ọ̀nà dí nìyẹn. Ọmọdé la sábà ń yọ ọ́ fún, àmọ́ tiyín gbọ́dọ̀ kúrò. Ta ló ń jí yín?"

Jàríátù ní òun ni.

"Ìyá yìí ni kò jẹ́ kí ẹ kú, bàbá."

Bùràímọ̀ tẹjú mọ́ àwòrán Ààrẹ lára ògiri. Kò lè wo ìyàwó rẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Dókítà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kí ọgbẹ́ má baà ṣẹ̀jẹ̀. Jàríátù ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ tútù lọ́wọ́ nígbà tí Sàká àti àgbà méjì láti Kambolé wọ yàrá ilé ìwòsàn náà.

"Lèmọ́mù, a ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín," ni Sàká wí, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Obìnrin tí kì í jẹ́ kí lèmọ́mù sùn, kó padà sílé bàbá ẹ̀. A ti bá yín rí ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tí ẹ máa fẹ́. Ẹ sáà mirí sí wa pé ẹ gbà."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Jàríátù. Bùràímọ̀ mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá òun wí. Dókítà ló ní kó dákẹ́. Bùràímọ̀ lanu.

"Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mò ń kú lójú oorun. Òun ló ń jí mi."

Ẹ̀jẹ̀ yọ létí ẹnu rẹ̀. Sàká wolẹ̀. Jàríátù fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì fọwọ́ bo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

"Ẹ dákẹ́, bàbá Sèínábù," ó ní. "Láti ọjọ́ tí wọn ò ti dá mi lóhùn mọ́ létí kànga ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."