Láísẹ́ńsì Olúbùsọ́lá

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ ọkọ Olúbùsọ́lá. Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní France Road, èmi ni mò ń rán agbádá, òun ló ń fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi òwú tẹ̀ lé ohun tó bá yà.

Nígbà tó kú, èyí tó ń yà fún èmi fúnra mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ funfun ni mo rà fún agbádá náà ní ọjà Kantin Kwari. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí n wọ̀ ọ́ lọ síbi ìdúpẹ́ ìrántí ọdún kan rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà, ètò tó fi ń yà á yóò ní láísẹ́ńsì ti parí, kí Olúbùsọ́lá wá tún un gbà. Ẹ gbọ́ o! Kí Olúbùsọ́lá wá!

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni ètò náà lókè òkun pé ìyàwó mi ti kú, mo ṣe tán láti sanwó. Wọ́n ní àwọn bá mi kẹ́dùn, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹlòmíràn kò lè jogún rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Mo wò yíká ilé, kò sẹ́ni tí mo lè rojọ́ fún. Òun náà ni mo máa ń ro irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá Àríkẹ́, ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ibo Road.

“Sannu, Baba. Ẹ jókòó,” ó ní. “Ètò kan wà, kyauta ne, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é ò tì í pa. Anybody lè wo inú ẹ̀, kó tún un ṣe. Ẹnì kan ti kọ́ ọ bó ṣe máa ka irú fáìlì yín.”

“Ta lẹni náà?”

“I no sabi am, Baba. Bóyá wọ́n ti nǹkan mọ́ òun náà ni.”

Fáìlì ṣí. Apá ọ̀tún ọrùn ti pé, ó rẹwà. Apá òsì dé ìdajì, ó dúró. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì fi pa mọ́ fún ọmọ náà.

Àríkẹ́ ní òun lè ṣe ẹ̀dà apá ọ̀tún sí òsì, kó pé. “E no hard, Baba. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

“Èmi á mọ̀,” mo ní. “Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Màmá Ògo, ọmọ ìjọ wa tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, na ọrùn wo agbádá mi, ó bú sẹ́rìn-ín. “Odindi télọ̀! Ẹ ò parí aṣọ ara yín!”

Mo ní ibi tí Olúbùsọ́lá bá a dé nìyẹn.