Oògùn Inú Kànga

Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì, Àràmídé ni wọ́n máa ń pè. Ó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ṣàgámù rí, ó sì ń kàwé gboyè dókítà nínú kẹ́mísìrì báyìí, lórí òjé tó ń wọnú omi kànga. Kẹ́mísìrì rẹ̀ pé. Yorùbá rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó.

Ní abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, ó gbé àpò rẹ̀ ti Ìyá Ọyatọ́lá, arúgbó tó ni kànga agbo ilé. Ìgò ásíìdì ńlá kan wà nínú àpò náà, èyí tí wọ́n ń kán sínú omi àyẹ̀wò kó má baà yí padà.

“Kí nìyí, ọmọ mi?”

“Oògùn tí à ń lò fún omi ni, mà,” ló fèsì, ó sì gba ìdí kànga kejì lọ.

Nígbà tó padà dé, ìgò ti ṣófo lọ́wọ́ Ìyá.

“Mo ti bá ọ dà á sí kànga,” ni Ìyá wí tẹ̀ríntẹ̀rín. “Bẹ́ẹ̀ náà làwọn elétò ìlera ṣe lọ́jọ́sí. O kú làálàá o.”

Àràmídé sáré lọ sídìí kànga. Ó fa omi díẹ̀, ó ki bébà àyẹ̀wò bọ̀ ọ́. Bébà náà pọ́n roro. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin kan ń bu omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà fún ọmọ rẹ̀.

“Ẹ má fún un! Oògùn wà nínú ẹ̀!”

“A ti gbọ́, ẹ ṣeun,” lobìnrin náà wí, ó gbé ife sún mọ́ ẹnu ọmọ.

Àràmídé mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù. Ó sì mọ̀ pé bó bá ti ẹnu àlejò jáde létí kànga onílé, kò sẹ́ni tí yóò dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ̀rù bà á débi pé ó fẹ́ sá.

“Májèlé ni!” ló fi igbe ta. “Májèlé wà nínú kànga!”

Ife já bọ́. Ọmọ bú sẹ́kún. Àwọn ọkùnrin tó ń ro ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé sáré dé tàwọn tọkọ́ lọ́wọ́, Ògúnlọlá, ọmọ Ìyá, ló ṣíwájú.

“Ta ló gbé májèlé wá síbí?”

Ìgò òfìfo ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá. Àràmídé gbà á.

“Èmi ni.”

Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó dà á. Ìyá rọra sún sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti yí Àràmídé ká.