Ti Ara Ẹni

Ká ní Àbẹ̀ẹ́bí gbọ́ Faransé ni, ọ̀rọ̀ yìí kì bá ti ṣẹlẹ̀. Èdè Zarma àti Haúsá ló fi ń ta áńkárá ní ọjà Yantala láti ìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Niamey, wọ́n sì tó o jẹun. Ohun tó bá jẹ́ ti Faransé, Ìlhàm ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bá a kà á. Niamey ni wọ́n bí Ìlhàm sí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dùn, àmọ́ kò pọ̀.

Ojú Àlàmínì, ọkọ Àbẹ̀ẹ́bí, ló ń ṣú. Awọ funfun ti bo ọ̀kan, ó ti ń bo èkejì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ yóò là á, kí wọ́n lọ wádìí bóyá ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá kò ráhùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé kò rí ojú ìyàwó rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Àbẹ̀ẹ́bí a lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn òkìtì aṣọ, a sunkún díẹ̀.

Ìlhàm wá ètò náà lórí fóònù títí ó fi rí ìkànnì kan. Àsíá Niger wà lókè rẹ̀, àwòrán dókítà tó ń rẹ́rìn-ín wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn fi àwòrán káàdì ìdánimọ̀ aláìsàn ránṣẹ́. Àbẹ̀ẹ́bí béèrè bóyá ti ìjọba ni. Ìlhàm ka lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó bá ọ̀rọ̀ Faransé kan, “privé”, níbẹ̀, ó wá Yorùbá rẹ̀ títí.

“Ti ara ẹni ni, Màmá.”

Inú Àbẹ̀ẹ́bí dùn. Ṣebí ara náà ló ń yọ wọ́n lẹ́nu? Ìjọba tó ronú kan ara ẹni mà kú iṣẹ́. Ó ti fi etí ìborùn nu káàdì ọkọ rẹ̀, ó ní kí Ìlhàm yà á. Ọmọ náà rò pé Màmá ti gbọ́, ó sì ti fara mọ́ ọn. Ta ni yóò bá àgbà jiyàn? Ó gbé fóònù sókè.

Àlàmínì ló dá wọn dúró. Ojú rẹ̀ ló ń ṣú, etí rẹ̀ kò ṣú.

“Ìlhàm, ta ló ni ín?”

“Àwọn oníṣòwò kan ni, Bàbá. Kì í ṣe ìjọba.”

Nígbà tó yé Àbẹ̀ẹ́bí, ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omijé ti lé sí Ìlhàm lójú: díẹ̀ ló kù kí Yorùbá òun fi káàdì Bàbá lé àjèjì lọ́wọ́. Ìyá àgbà fà á mọ́ra, ó kọ́ ọ pé aládàáni là ń pe ohun tí kì í ṣe ti ìjọba. Aládàáni kì í kúkú ṣe olè dandan, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń wá. Ọmọ náà nu ojú, ó ní àsíá kò jẹ́ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ló lè yà á.

“Ká máa wò ó létí bíi ti aṣọ, Màmá. Bó bá jẹ́ ti ìjọba, gouv.ne ló máa wà létí àdírẹ́sì rẹ̀.”

Èyí wọ Àbẹ̀ẹ́bí lára. Etí aṣọ ni òun náà fi ń mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe áńkárá kan.

Ìkànnì ìjọba tí wọ́n padà rí kò ní dókítà ẹlẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà ọ́fíìsì kan ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ takisí lọ síbẹ̀. Akọ̀wé ṣàlàyé ohun tí ètò náà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, ó sì bá Àlàmínì gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù. Ó wá fi Faransé béèrè lọ́wọ́ Ìlhàm pé kí ni bàbá yìí jẹ́ sí i, nítorí ará ilé nìkan ló lè mú un wọlé lọ́jọ́ náà. Kí Ìlhàm tó dáhùn, Àbẹ̀ẹ́bí ti béèrè ohun tí akọ̀wé wí. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ fún un, ni ìyá àgbà bá na ìka sí i.

“Ti ara ẹni ni.”

Akọ̀wé ní kí ló wí. Ìlhàm di ọwọ́ bàbá rẹ̀ àgbà mú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò túmọ̀ rẹ̀ sí “privé”. Ó ní ọmọ wọn lòun.