Ẹ̀jẹ̀ Mi Dípò Tirẹ̀

Kókó inú ọpọlọ ló pa ìkejì mi. Àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn náà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí àwọn gbà sílẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà tí fíríìjì kọṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọn ì bá fi wé kókó náà, kí wọ́n lè mọ ohun tó yí padà nínú àbùdá rẹ̀. Ìbejì ajọra ni wá, àbùdá wa kò yàtọ̀, wọ́n wá ní tèmi á ṣe é.

Inú bí mi. Ẹni tí kò lè tọ́jú ìgò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ wá ìdí àrùn! Ṣùgbọ́n mo lọ, torí ẹ̀rù ń bà mí. Bí ohun gbogbo wa bá jẹ́ ọ̀kan náà, ṣé kókó kò ní wà nínú orí tèmi náà?

Dókítà olójú mẹ́rin kan, tí kò ju ọmọ mi lọ, ló gba ẹ̀jẹ̀ náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó máa dùn yín díẹ̀."

"Aránṣọ ni mí jàre, ojoojúmọ́ labẹ́rẹ́ ń gún mi. Ṣé wàá sọ fún mi bí kókó bá wà lára èmi náà?"

"Màá sọ, mà."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ wa ṣì kọjú síra wọn. Ní kékeré, ọjọ́ kan náà ni èéyi mú wa, eyín kan náà ló dun wá. Mo ṣì máa ń ní, "Na àlùmọ́gàjí yẹn sí mi," kí n tó rántí. Mo ti dẹ́kun gbígba iṣẹ́ ńlá, kí n má baà kú fi aṣọ aláṣọ sílẹ̀ láìrán.

Nígbà tí mo padà lọ, olójú mẹ́rin yí kọ̀ǹpútà sí mi.

"Ẹ̀jẹ̀ tiyín nìyí, kókó tiwọn nìyí. Ẹ wò ó, ibí yìí nìkan ló ti yàtọ̀. Kì í ṣe àbímọ́. Wọ́n ti dàgbà kó tó ṣẹlẹ̀, inú ọpọlọ tiwọn nìkan ló sì mọ. Kò sí lára yín, mà."

"Òun nìkan?"

"Àwọn nìkan."

Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ayọ̀ ni, ó ń bá mi dúpẹ́, n kò sì já a nírọ́. Nígbà tí orí ń fọ́ ìkejì mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń dì í mọ́ra, màá ní ó ń fọ́ èmi náà. Ó gbà mí gbọ́. Èmi náà gba ara mi gbọ́.