Ọwọ́ Ìyá Lára Ògiri

Ìyá Sùlíyá kú ní àdúgbò Ọgbà, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun àsùbáà. Arúgbó ni, kò sẹ́ni tó ní kó má kú. Wàhálà ibẹ̀ ni ìlérí tó gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin kó tó dákẹ́.

"Sùlíyá, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni kí ẹ sin mí sí, nínú yàrá òsì yẹn. Ṣé o gbọ́?"

Sùlíyá ní òun gbọ́. Ó tún wá búra lé e! Ta ló rán an níṣẹ́?

Nítorí ilé tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí l'Ágége, kì í ṣe tiwọn mọ́. Àlàmú tó bí bàbá bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ olóbì, ló fi amọ̀ kọ́ ọ nígbà tí rélùwéè ò tíì dé ibẹ̀. Nùréènì, ẹ̀gbọ́n Sùlíyá tó jẹ́ olórí ẹbí, ló fà á lé àwọn kan lọ́wọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ká sòótọ́, ilé ọ̀hún ì bá ti wó. Àmọ́ kí ọmọ onílé máa já tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọ ilé bàbá rẹ̀, ẹ gbà mí o!

Òkú Mùsùlùmí kì í sùn nílẹ̀. Àlùfáà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá ti kírun àìlà tán, sísin ló kù. Bí Sùlíyá ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ìyá rẹ̀ tán, ó bẹ́ sínú kẹ̀kẹ́. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Kò tiẹ̀ mọ̀.

Àárín ilé iṣẹ́ bisikíìtì àti ibi tí wọ́n ti ń rọ irin ni ilé Àlàmú wà báyìí. Olúwarótìmí, ọ̀gá ibẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ìwà pẹ̀lẹ́ ọ̀hún gan-an ló ń bí Sùlíyá nínú.

"Mọ́mì, ẹ kú ará fẹ́ra kù. A ò lè gbẹ́ ilẹ̀ nínú ilé yìí mọ́. Ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá mi wà níbẹ̀!"

"A mọ̀, mà. A sì fi okùn yí wọn ká."

Okùn! Sùlíyá kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun lè bí. Olúwarótìmí figbe ta, òun náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bẹ ara wọn, síbẹ̀ ọkùnrin náà ò gbà.

"Ẹ kàn wọlé lọ kí wọn, mà," ló wí. "Ẹ má san nǹkan kan."

Fúnmilọ́lá, ọmọbìnrin tó ń mú àlejò kiri inú ilé, ló kó o mọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan láti Onígbòǹgbò. Wọ́n dé yàrá òsì. Sàréè bàbá rèé, sìmẹ́ńtì orí rẹ̀ ti sán. Férémù onígi kan sì wà lára ògiri, ipa ọwọ́ wà láàárín rẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ yìí," ni Fúnmilọ́lá wí. "Obìnrin kan ló fi rẹ́ ògiri yìí ní ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. A ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Sùlíyá wò ó. Ìka mẹ́rin gùn, ìka kékeré gé kù sí ìdajì. Ọwọ́ tí òun wẹ̀ láàárọ̀ yìí ni! Kí ọdún Iléyá tó dé, ìyá a máa po amọ̀ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, a sì máa fi rẹ́ yàrá ọkọ rẹ̀, títí agbára fi tán nínú rẹ̀. Àdá tí wọ́n fi ń ṣán oko obì ló gé ìka yẹn.

"Ìyá mi ni," ló wí.

Fúnmilọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá gbogbo wa ni, mà."

Fóònù dún. Nùréènì ni. "Níbo lo wà? A ti kírun sí wọn lára. A ti ń gbé wọn lọ sí ìtẹ́ òkú, ní ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá. Àlùfáà ò dúró mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo búra fún wọn!"

Nùréènì ti gé fóònù.

Sùlíyá bú sẹ́kún. Ẹkún ọ̀hún ò ṣeé gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó na ọwọ́ sínú férémù, ó ki èékánná bọ àárín àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ó sì fà á. Amọ̀ gbígbẹ já bọ́ sínú ìborùn tó nà sábẹ́ rẹ̀, ìka kékeré, ìka ńlá, gbogbo rẹ̀ pátá. Fúnmilọ́lá lọgun. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pe Jésù.

Olúwarótìmí sáré dé. "Háà! Mọ́mì, ẹ ti bà wá jẹ́! Ọwọ́ tí wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò!"

Sùlíyá ti fo okùn kọjá. Ó bọ́ bàtà dúdú, ó bọ́ pupa, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, ó da amọ̀ náà sójú ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán, ó bu omi sí i láti inú ọ̀rá omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó ń ka Fàtíhà. Olúwarótìmí na ọwọ́ láti fà á dìde, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Fóònù tún dún.

"A ti sin wọ́n o," ni Nùréènì wí. "Sùlíyá, àní a ti sin wọ́n. O ò sì sí níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀," ni Sùlíyá dáhùn, ó sì ń rẹ́ ẹ lọ.